Ọ̀gágun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tú Aṣọ Rẹ̀ Wò

Ọta àgbá tó bọ́ sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ-ogun fi ṣe ibùdó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ju ẹyọ kan lọ. Ilẹ̀ mì, eruku bo ojú ọ̀run, gíláàsì fèrèsé fọ́, ó sì dà wàràwàrà sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sórí páànù. Lẹ́yìn náà ni igbe wá bẹ̀rẹ̀.

Kí eruku tó balẹ̀, obìnrin tí Dókítà ń pè ní Nọ́ọ̀sì ti wà lábẹ́ tábìlì, ó dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rù gbà ń bà á. Ó ń bẹ̀rù ọta náà bí gbogbo èèyàn ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù nítorí pé àwọn èèyàn tirẹ̀ ló ń yìn ín. Ẹlẹ́wọ̀n ogun ni. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti mú òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n ti àbúrò náà mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí oníbíríkì tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù, wọ́n sì mú òun lọ fún Dókítà, nítorí Dókítà kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan mọ́. Láti ìgbà náà, bí ọta bá ti bọ́, àwọn ọmọ-ogun a yíjú wò ó bí ẹni pé òun ló sọ ọ́.

"Ìyàwó Ọ̀tá, dìde," ni Kọ́púrà tó ń ṣọ́ ọ wí, ó ń gbọn eruku kúrò ní fìlà. "Àwọn ará ilé rẹ ti wá kí wa káàárọ̀."

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó mú ṣọ́ọ̀kì nídìí pátákó ìkọ̀wé, ó sì jáde.

Bí òun àti Dókítà ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. Òun ló ń kọ́kọ́ rìn láàárín àwọn tó fara gbọgbẹ́, tó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àtẹ́lẹ̀ bàtà wọn. Ìlà kan túmọ̀ sí pé kí wọ́n gbé e wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìlà méjì, ó lè dúró. Ẹni tó bá fa òdo sí, wọn yóò fún un ní oògùn ìrora, ẹnì kan yóò sì jókòó tì í di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kì í tẹ̀ lé ariwo, nítorí ẹni tó ń pariwo ṣì ní èémí tó ń fi pariwo. Àwọn tó dákẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Ó sì ti mọ̀ pé ẹni tí ọta bá gbé ṣánlẹ̀ kì í sábà ní ọgbẹ́ kan ṣoṣo, pé egungun tó yọ síta lójú gbogbo ayé a máa gba ojú èèyàn kúrò lára ibi tó ń pa onítọ̀hún lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tú aṣọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé wá, tí wọ́n ń yí i sápá ọ̀tún, tí wọ́n ń yí i sápá òsì, tí wọ́n ń fọwọ́ wá ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ìdí.

Gbogbo wọn ni wọ́n ń tú aṣọ wọn, àfi àwọn ọ̀gá. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun yẹn, ọ̀gá kì í bọ́ aṣọ níwájú ẹni tó kéré sí i. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ-ogun tó bá rí ihò nínú aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní ìbẹ̀rù rẹ̀ ti tán lọ́kàn onítọ̀hún nìyẹn.

Ọ̀gágun wà ní àgbàlá nígbà tí ọta bọ́. Atẹ́gùn rẹ̀ gbé e, ó fi ìhà òsì rẹ̀ gbá etí tánkì omi onísìmẹ́ńtì. Gbogbo ojú ló rí i tó dìde fúnra rẹ̀, tó gbọn ṣòkòtò, tó wo apá òsì rẹ̀ tó ṣẹ́, tó ń fì dirodiro, bí ẹni ń wo nǹkan ẹlòmíì.

"Òkè-ò-yẹ̀," ni àwọn ọmọ-ogun ń ké. Orúkọ tí wọ́n fi ń kí i nìyẹn. "Òkè-ò-yẹ̀, a rí yín."

"Apá lásán ni," ni ó sọ fún Dókítà. "Ẹ tọ́jú àwọn ọmọ mi ná."

Dókítà fi igi àti báńdéèjì di apá náà lórí aṣọ, ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀gágun dúpẹ́, ó sì wọ inú kíláàsì kejì, tí wọ́n fi ṣe yàrá ìgbìmọ̀, lọ bá àwọn olórí ogun rẹ̀. Kò sí ẹni tó fa ìlà kankan sí àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀.

Ẹni tí Nọ́ọ̀sì fa ìlà kan fún ni Géńdé, fìrìgbọ̀n ọkùnrin tó ń yin ìbọn ńlá wọn. Ògiri ti wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì fi ọ̀já fún itan rẹ̀ pinpin, ẹ̀jẹ̀ dá. Wọ́n gbé e sórí tábìlì méjì tí wọ́n so pọ̀, ó sì ń gbé Dókítà ṣépè, ó ń gbé ìyá Dókítà ṣépè, ó ń gbé ẹni tó kọ́ Dókítà níwèé ṣépè.

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá iṣẹ́ abẹ àti yàrá ìgbìmọ̀. Kọ́púrà gbé ife omi lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. "Gbé e lọ fún Ọ̀gágun. Ó tún ní òùngbẹ ń gbẹ òun."

Máàpù wà lórí tábìlì olùkọ́, àwọn olórí ogun yí i ká. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò ṣàjèjì sí i. Àwọn èèyàn tirẹ̀ ti há ìlú náà mọ́ ní apá mẹ́ta. Ọ̀nà afárá nìkan ló kù, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò ṣì wà ní ṣíṣí lọ́la.

"Ìbọn ńlá ni kó kọ́kọ́ kọjá afárá," ni Ọ̀gágun wí. "Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó fara gbọgbẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹyọ ẹnì kan má ṣẹ́ kù níbí."

"Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ńkọ́, sà?" Igbákejì rẹ̀ ló béèrè, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín. "A ò ní ọkọ̀ tá a máa fi kó wọn. Tá a bá sì fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á lọ sọ iye tá a kù. Ẹ jẹ́ kí n bá wa parí ọ̀rọ̀ wọn."

"Mo ti dáhùn ìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹlẹ́wọ̀n."

Nọ́ọ̀sì rántí àbúrò rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà láàyè. Ó na ife sí i.

"Ẹ ṣé, màmá," ni Ọ̀gágun wí. Òun nìkan ló ń fi ‘ẹ’ bá a sọ̀rọ̀ nínú gbogbo wọn. Ó mu omi náà tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó yán, ó nu ẹnu. Ó wá bojú wo máàpù. "Ìbọn ńlá yẹn, ta ló ń mójú tó o? Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ kọjá afárá."

Àwọn olórí ogun wo ara wọn. 

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ń gba ife padà, ó jẹ́ kí ìka òun kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ tutù, ó rin bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Iṣan ibẹ̀ ń sáré, ó tín-ín-rín, ó ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ètè rẹ̀ ti funfun. Kò sí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lára aṣọ rẹ̀.

Bó ṣe padà dé ẹ̀gbẹ́ Dókítà, kò mọ̀. Dókítà ti mú ayùn lọ́wọ́.

"Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú Ọ̀gágun."

"Apá ló ṣẹ́."

"Ọwọ́ rẹ̀ tutù, sà. Iṣan rẹ̀ ń sáré. Omi ò pa òùngbẹ rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó tún un sọ, kò sì mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Ṣé ẹ tú aṣọ rẹ̀?"

Dókítà gbé ayùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Àgbàlagbà ni. Orí ìdúró ló ti wà láti àná, ojú rẹ̀ sì ti wọnú. "Orí aṣọ ni mo ti di apá yẹn," ni ó wí. "Ó ní kí n má ṣòpò. Èmi náà sì gbà."

 Nọ́ọ̀sì mọ ohun tí Dókítà ń rò, nítorí òun náà ló ń rò ó. Bí Ọ̀gágun bá kú sórí àga nínú ìgbìmọ̀, ogun ló pa á, Igbákejì yóò sì gba ipò, oòrùn kò ní wọ̀ bá àbúrò rẹ̀. Bí ó bá kú sábẹ́ ọ̀bẹ, obìnrin ọ̀tá ló pa á, oòrùn kò sì ní wọ̀ bá ẹnikẹ́ni nínú wọn.  

"Géńdé yìí ńkọ́?" ni Dókítà béèrè.

"Ọ̀já rẹ̀ le dáadáa. Ó ń bú wa, èémí rẹ̀ sì pé. Ó lè dúró." Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìlà kan kún èyí tó wà ní àtẹ́lẹ̀ bàtà Géńdé.

"Ta ló lè dúró?" ni Géńdé bú. "Ẹsẹ̀ tèmi ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ tábìlì."

Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé láìkàn án, Dókítà sì tẹ̀ lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ó wí fún Ọ̀gágun. "Ẹ jẹ́ kí Dókítà wo ìhà yín."

Igbákejì ti fa ìbọn ìléwọ́ yọ kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Ta ló jẹ́ kí eléyìí wọlé?"

"Ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú wọn, sà. Kò hàn síta ni."

"Ọ̀gágun dìde níṣojú gbogbo wa. Mo mọ ohun tó ń wá. Ó fẹ́ kí wọ́n kun olórí wa lóorun lọ́jọ́ tí a máa ṣí kúrò, ká di agbo tí kò ní darandaran."

Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti tábìlì láti dìde, ó gbé ìdí, ó tún jókòó. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ṣeé ṣe. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìbọn Igbákejì rọra wálẹ̀.

"Mi ò lè bọ́ra síwájú àwọn wọ̀nyí," ni Ọ̀gágun wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì.

Nọ́ọ̀sì kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá sí i lẹ́nu. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí pátákó."

Wọ́n wò ó. Kọ́púrà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ yí padà. Èkejì yí, ẹ̀kẹta yí. Níkẹyìn Igbákejì náà yí, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olórí ogun tó ti sun abúlé, tí wọ́n ti la odò kọjá nínú òjò ọta, tò bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fìyà jẹ, wọ́n tẹjú mọ́ ìṣirò tí ẹnì kan kò ṣe tán kí ogun tó dé.

"Mo pa ilé ìwé mi tì nítorí irú èyí," ni Kọ́púrà ń kùn.

Nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì ya aṣọ láti ọrùn dé ìdí. Ìhà òsì ti dúdú, ó wú. Dókítà tẹ ikùn, ó le bí pákó, Ọ̀gágun sì pa ojú dé.  Dókítà mi orí sí Nọ́ọ̀sì pé òótọ́ ló sọ.

"Ṣé mo máa yè é?" ni Ọ̀gágun béèrè.

"Bí a bá ṣí ikùn yín nísinsìnyí, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá jókòó, kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni Dókítà dáhùn.

Ọ̀gágun pe Igbákejì rẹ̀ láìyí i padà. "Fi ìyá tó bí ọ búra. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí mi, ọwọ́ rẹ ò ní kan obìnrin yìí, kò ní kan àwọn tó wà ní yàrá ẹrù."

 "Mo fi ìyá mi búra," ni Igbákejì sọ sí ojú pátákó. "Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń mí, sà."

Gbogbo wọn ló gbọ́ ibi tí ó fi ìbúra náà mọ.

Wọ́n gbé Géńdé sílẹ̀, wọ́n gbé Ọ̀gágun sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì fi oògùn oorun bò ó nímú. Nígbà tí Dókítà ṣí ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tú jáde ó sì dà sílẹ̀, bàtà wọn rin. Dókítà ki ọwọ́ sábẹ́ egungun ìhà, ó ń wá a láìríran, ó rí i, ó dì í mú. Ẹran pupa kékeré tó wà níbẹ̀ ti fọ́. Ó so ó, ó gé e sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ru láti ibòmíràn lẹ́bàá ẹ̀dọ̀, díẹ̀díẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Bó ṣe ń nù ún ni òmíràn ń jáde.

"Fún mi lábẹ́rẹ́. Màá rán ibẹ̀. Lẹ́yìn náà màá to apá yẹn."

"Dókítà, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ yẹn. Kò dì mọ́. Ara rẹ̀ ti tutù jù."

"Mo rí i." Dókítà fi ìgbọ̀nwọ́ nu òógùn. "Mo ń fẹ́ kó jẹ́ pé mi ò rí i."

Ó di abẹ́rẹ́ mú díẹ̀, ó sì dá a padà. Wọ́n fi aṣọ mímọ́ dí ibẹ̀ pa pinpin, wọ́n jẹ́ kó wà nínú ikùn bẹ́ẹ̀, wọ́n fi aṣọ mìíràn bò ó láìrán ikùn pa. Apá ṣíṣẹ́ wà bó ṣe wà. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, wọ́n rọ omi gbígbóná sínú ìgò, wọ́n kó o sí abíyá rẹ̀. Ohun tó kù ni ẹ̀jẹ̀. Dókítà po ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gágun pọ̀ mọ́ ti àwọn tó dúró nítòsí lórí àwo, láti mọ tẹni tó bá a mu, ti Kọ́púrà nìkan ni kò dì.

"Ẹ fà á o," ni Kọ́púrà wí, ó dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣùgbọ́n tó bá jí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbèsè ọtí, kí ẹnikẹ́ni má mú mi."

Iṣan Ọ̀gágun rọra wálẹ̀. Kò tíì dára. Ó kàn dẹ́kun sísá lọ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dókítà tó padà sídìí ẹsẹ̀ Géńdé.

Ìrọ̀lẹ́ ni Igbákejì wọlé. Wọ́n ti kó Géńdé àti àwọn tó ṣeé gbé sínú lọ́rì, ẹ́ńjìnnì ń dún níta, àgbá àwọn èèyàn Nọ́ọ̀sì sì ti ń dún láti ẹ̀bá ọjà.

"Ṣé ó ṣeé gbé?"

Nọ́ọ̀sì ni Igbákejì bi, kì í ṣe Dókítà. Ó ń wo ojú rẹ̀.

Ọ̀nà afárá kún fún ihò. Bí lọ́rì bá jù ú sókè lẹ́ẹ̀mejì, aṣọ tó dí ẹ̀jẹ̀ yóò yẹ̀, kò sì ní dé odò. Bí Ọ̀gágun bá dúró, àwọn èèyàn Nọ́ọ̀sì ni yóò wọlé bá a, ọ̀gágun ọ̀tá lórí tábìlì. Òótọ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá sí irọ́ tí ọ̀dàlẹ̀ yóò pa. Bí ó bá ní ó ṣeé gbé, wọn yóò gbé e lọ, ìbínú wọn yóò bá a lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọjá afárá kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti kú. 

"Kò ṣeé gbé," ni Nọ́ọ̀sì wí.

"Mo mọ̀ pé ohun tí o máa sọ nìyẹn," ni Igbákejì wí, ó sì gbé ìbọn sí i níwájú orí.

Nọ́ọ̀sì di ojú. Ó gbọ́ tí Dókítà ń sọ pé òótọ́ ló sọ, pé ẹni tó bá gbé e pa á ni, pé òun náà yóò dúró tì í. Ó gbọ́ ohùn Kọ́púrà láti orí ìjókòó: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ti búra. Ó ṣì ń mí."

Ó gbọ́ bàtà. Nígbà tó lajú, Igbákejì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ síwájú imú Ọ̀gágun, kò mira. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ kó àwọn tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù wá sínú lọ́rì," ni ó wí fún Kọ́púrà. Kò wẹ̀yìn mọ́.

Kọ́púrà fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó lọ. Àwọn lọ́rì náà lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e ba Nọ́ọ̀sì lẹ́rù ju ariwo lọ.

Dókítà lọ ṣí yàrá ẹrù. Àbúrò Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àwọn tiwa ti wọ àdúgbò yìí. Tí wọ́n bá bá yín níbi tẹ́ ẹ ti ń tọ́jú eléyìí, wọn ò ní béèrè ọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀. Lọ gbé omi gbígbóná wá fún mi. Àwọn ìgò yìí ti ń tutù."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Lọ gbé omi wá."

Ó lọ. Ọ̀gágun la ojú, ó wo òrùlé, ó wo Nọ́ọ̀sì. "Àwọn ọmọ mi dà?"

"Wọ́n ti lọ sójú afárá, sà."

"Ẹ̀yin ò lọ?"

"Iṣẹ́ yín kò tíì parí lọ́wọ́ mi. Lọ́la ni Dókítà máa yọ aṣọ tó wà níkùn yín."

Bàtà dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pọ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kún wọn dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó dé ibẹ̀.  Ọmọ-ogun kan yọ, ọmọdé lójú, ẹ̀rù ń ba òun náà, ó na ìbọn sí i láyà.

"Ẹ má yìnbọn. Aláìsàn ló wà níbí."

Ọmọ-ogun náà ń gbìyànjú láti yọjú wo inú lórí èjìká rẹ̀. "Tiwa ni àbí tiwọn?"

"Tèmi ni," ni ó wí, kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.